Ṣé Kí N Kúrò Lórí DVD Bọ́ Sórí Blu-ray? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ DVD ni mo ní, tẹlifíṣọ̀n mi sì jẹ́ íǹṣì 32. Mo rí ẹ̀rọ Blu-ray tòkunbọ̀ kan ní Ìwó Road, owó rẹ̀ kò sì ju agbára mi lọ. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tí ẹ máa ń jókòó sí títí dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán DVD tí wọ́n ṣe ní ìlànà PAL, èyí tí à ń lò ní Nàìjíríà, ní ìlà 576 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti Blu-ray, ìyẹn àwo tó ń gba àwòrán ju DVD lọ, ní 1080. Lórí íǹṣì 32, ìlà DVD kọ̀ọ̀kan kò tó mìlímítà kan, 0.7 ni. Ẹni tó bá jókòó ní mítà mẹ́ta sí ohun tó kéré báyẹn, ojú rẹ̀ ò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, bí ojú ọ̀hún tilẹ̀ dá ṣáká. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32 ni kò ní ju ìlà 768 lọ, bí wọ́n tilẹ̀ kọ "HD" sí i lára. Tí ẹ bá so Blu-ray mọ́ ọn, ṣe ni yóò dín ìlà 1080 náà kù kó tó gbé e jáde.

Láti íǹṣì 43 lọ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, tí ẹ bá jókòó sí nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀. Lórí íǹṣì 55, DVD á máa rí bàìbàì láti mítà mẹ́ta ààbọ̀ pàápàá, Blu-ray á sì mọ́ kedere. Ní ti 4K, ìyẹn Ultra HD Blu-ray tó jáde ní 2016, ẹ ní láti sún mọ́ íǹṣì 55 náà tó mítà méjì kí ojú yín tó rí ìlà tó fi ju Blu-ray lọ. Ohun tí ẹ lè rí láti ọ̀nà jíjìn nínú 4K ni àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí HDR ń fi kún un: òòrùn á ràn, òkùnkùn á dúdú, síbẹ̀ ẹ óò rí ẹni tó dúró sínú òkùnkùn náà. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ HDR sí lára kì í ní ìmọ́lẹ̀ tó máa fi gbé e jáde. Fún irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀, Blu-ray lásán ti tó.

Ìbéèrè: Fíìmù Yorùbá tí mo ti kó jọ láti ọdún pípẹ́ kún inú ilé, VCD ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé Blu-ray máa jẹ́ kí wọ́n mọ́ sí i?

Ìdáhùn: Rárá o. Ibí yìí gan-an ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù. VCD, tó jáde ní 1993, ní ìlà 288 péré, àwòrán rẹ̀ kò sì ní ju nǹkan bíi kìlóbíìtì 1,150 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí wọn kò kọ sínú àwo, kò sí ẹ̀rọ tó lè hú u jáde níbẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun kàn máa na àwòrán náà fẹ̀ ni, àwọn àmì onígun mẹ́rin kéékèèké tó máa ń bo ojú àwọn òṣèré á wá hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ju bó ṣe hàn lórí kékeré lọ.

Èyí tó tún le jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray kì í ka VCD rárá. Wọ́n á ka DVD, wọ́n á ka síídì orin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi VCD sí i, wọ́n á ní àwọn ò mọ irú àwo tó jẹ́. Ẹ ka ìwé ìlò ẹ̀rọ náà níbi tí wọ́n ti to irú àwo tó ń gbà. Tí ẹ kò bá rí VCD níbẹ̀, kò gbà á nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má ta ẹ̀rọ DVD àtijọ́ yín, ẹ má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí àwọn VCD yẹn kí wọ́n tó bàjẹ́ tán ni kí ẹ kó wọn sínú hard disk. Ẹ fi àwo náà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fódà tí wọ́n ń pè ní MPEGAV, ẹ óò rí fáìlì AVSEQ01.DAT nínú rẹ̀. Fíìmù náà nìyẹn. Ẹ dà á kọ, VLC, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣí fíìmù, máa ṣí i. Tí ẹ bá fẹ́ wò ó láti ara tẹlifíṣọ̀n, ẹ yí .DAT tó wà níparí orúkọ rẹ̀ padà sí .mpg, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n á sì gbà á. Àwo kan kì í sábà ju 800 MB lọ, nítorí náà hard disk 500 GB á gba bíi ẹgbẹ̀ta àwo. Ẹ kọ "Apá 1" àti "Apá 2" sí orúkọ fáìlì lójú ẹsẹ̀, torí AVSEQ01.DAT ni gbogbo wọn ń jẹ́, èkejì á sì gorí èkíní. Tí ìdàkọ bá dúró sójú kan, ẹ nu àwo náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn; ohun tí kọ̀ǹpútà kan kò lè kà, òmíràn máa ń kà á.

Ìbéèrè: Àwo "20 in 1" tí mo ń rà létí títì, DVD ṣáà ni wọ́n. Kí ló dé tí àwòrán wọn fi burú ju ti VCD lọ?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. DVD onípele méjì gba 8.5 GB. Fíìmù 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó wákàtí kan ààbọ̀ jẹ́ wákàtí 30. Tí ẹ bá pín 8.5 GB sí wákàtí 30, ohun tó máa kan ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju kìlóbíìtì 630 lọ, ohùn àti àwòrán pọ̀. Àwòrán VCD nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. DVD gidi lè lò tó 9,800. Kì í ṣe DVD ló burú, fíìmù ni wọ́n rún mọ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Ayédèrú sì ni wọ́n, owó wọn kì í dé ọwọ́ ẹni tó ṣe fíìmù.

Kí ẹ tó sọ pé DVD ti sú yín, ẹ wá ojúlówó kan péré, kí ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n yín. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní nílò Blu-ray mọ́.

Ìbéèrè: Ní Dùgbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kan hàn mí tí wọ́n kọ "Full HD 1080p" sí lára gàdàgbà. Kò wọ́n rárá. Ṣé Blu-ray ni?

Ìdáhùn: DVD tó ní HDMI ni, ìyẹn ihò tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ìlà 576 náà ló ń nà dé 1080, tẹlifíṣọ̀n yín sì ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná lésà DVD pupa, ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650. Ti Blu-ray jẹ́ 405, ó fẹ́ máa sún mọ́ àwọ̀ elésè àlùkò. Ipa tí wọ́n kọ sára àwo Blu-ray há ju ìlàjì ti DVD lọ, lésà pupa sì nípọn jù láti tọ̀ ọ́. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á fi sọ́fítíwíà sọ DVD di Blu-ray, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ wo iwájú ẹ̀rọ náà bóyá àmì Blu-ray Disc wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn. Ti Sony sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BDP, ti 4K wọn sì jẹ́ UBP. Ti Panasonic jẹ́ DMP-BD, ti 4K sì jẹ́ DP-UB. "4K upscaling", ìyẹn nínà àwòrán dé 4K, kò túmọ̀ sí pé ó ń ka àwo 4K: àmì Ultra HD Blu-ray ni kí ẹ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwo Blu-ray kan dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n gbé e sí i níṣojú yín fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Tòkunbọ̀ tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti ń kú máa ń ka mẹ́nù dáadáa, yóò sì wá dákú láàárín fíìmù.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìka àkọlé iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ "100–240V, 50/60Hz", kò séwu. Tí ó bá jẹ́ "120V 60Hz", ti Amẹ́ríkà ni. Tí ẹ bá kì í bọ ihò iná wa láìsí stepdown, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, ó ti jó nìyẹn.

Ìbéèrè: Àbúrò mi fi àwo Blu-ray ránṣẹ́ láti Houston. Ẹ̀rọ tí mo rà wá láti Lọ́ńdọ̀nù ní òun ò lè kà á. Ṣé àwo ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àwo kò bàjẹ́. Wọ́n pín ayé sí mẹ́ta fún Blu-ray: A ni Amẹ́ríkà, B ni Yúróòpù àti Áfíríkà, C sì ní Íńdíà, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà nínú. Ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ B gẹ́gẹ́ bíi tiwa, àwo Houston sì jẹ́ A. Ẹ yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ óò rí lẹ́tà náà níbẹ̀. Ìpín ti DVD yàtọ̀: Amẹ́ríkà jẹ́ 1, Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 2, Nàìjíríà jẹ́ 5. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n lè fi rímóòtù ṣí ìpín DVD wọn, ṣùgbọ́n ti Blu-ray kì í sábà ṣí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó máa ra èyí tí wọn kò tì mọ́ ìpín kankan, tàbí kó ra 4K, torí àwo 4K kò ní ìpín. Kó ṣọ́ra ṣá: páálí 4K sábà máa ń ní Blu-ray lásán kan nínú, ìyẹn sì lè ní títì tirẹ̀.

Ìbéèrè: Tẹlifíṣọ̀n onítùbú ni tiwa, ihò pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan ló ní. Ṣé ó lè gba Blu-ray?

Ìdáhùn: Kò yẹ kí ẹ náwó sí i. Ẹ̀rọ Blu-ray tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 2013 kò ní ihò yẹ́lò, HDMI nìkan ni àwòrán ń gbà jáde. Ohun èlò tó ń sọ HDMI di AV wà, ṣùgbọ́n àwòrán tó máa jáde níbẹ̀ kò ní ju ti DVD lọ. Tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ìbéèrè: Mo ra ẹ̀rọ 4K, tẹlifíṣọ̀n mi náà jẹ́ 4K. Ìgbà mìíràn ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ìgbà mìíràn 1080 ló máa ń fi hàn.

Ìdáhùn: Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni ihò HDMI: lára àwọn tẹlifíṣọ̀n 4K tó jáde níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ihò ló ní HDCP 2.2, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n jí àwòrán dà kọ, láìsí i kò sì sí àwòrán 4K. Ẹ gbìyànjú ihò kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni okùn: èyí tó lè gbé 18 Gbps ni ẹ fẹ́, wọ́n máa ń kọ "Premium High Speed" sí i, ẹ má jẹ́ kó gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Okùn tí kò lágbára ló máa ń fa òkùnkùn tó ń wá tó ń lọ yẹn. Ẹ̀kẹta ló máa ń fara pa mọ́ jù: ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni ilé iṣẹ́ ti pa agbára HDMI wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ máa tàn án nínú mẹ́nù. Lára Samsung ó ń jẹ́ Input Signal Plus tàbí HDMI UHD Color, lára LG ó ń jẹ́ HDMI Ultra HD Deep Colour, lára Sony ó ń jẹ́ HDMI Signal Format, kí ẹ fi sí Enhanced. Ihò tí ẹ̀rọ yín wà gan-an ni kí ẹ tàn án fún.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ mi ń ka àwọn Blu-ray àtijọ́, kì í ka tuntun.

Ìdáhùn: Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti àwo máa ń yí padà, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ gba sọ́fítíwíà tuntun kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wa fáìlì tó bá nọ́ńbà ẹ̀rọ yín mu gẹ́lẹ́, ẹ kó o sórí fíláàṣì tí ẹ ti fọ́máàtì sí FAT32, kí ẹ sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é lórí iná NEPA. Orí ínfátà ni kí ẹ ti ṣe é. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ náà lè má tàn mọ́, pánẹ́ẹ̀lì tuntun sì lè wọ́n ju ẹ̀rọ tòkunbọ̀ mìíràn lọ.

Ìbéèrè: Ó máa ń dúró gbọnrangandan láàárín fíìmù.

Ìdáhùn: Ṣé ojú kan náà ló ti ń dúró? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwo ni. Ohun tí wọ́n kọ sára Blu-ray kò jìn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ sí awọ ara rẹ̀, ti DVD jìn tó ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn, nítorí náà ìka ọwọ́ tàbí òróró lásán ti tó láti di lésà lọ́wọ́. Aṣọ múlọ́múlọ́ ni kí ẹ fi nù ún, láti àárín síta, ẹ má yí i po. Tó bá le, ẹ fi omi tó ní ọṣẹ abọ́ díẹ̀. Ẹ má fi pẹtiróòlù kàn án.

Tó bá jẹ́ pé ibi tó bá wù ú ló ti ń dúró, ooru tàbí eruku ni. Eruku ọyẹ́ máa ń wọlé gba ihò afẹ́fẹ́ lọ bá lẹ́ǹsì. Ẹ dá aṣọ bò ó tí ẹ kò bá lò ó, ẹ sì ká a kúrò tí ẹ bá ń lò ó. Ẹ má gbé e lé orí dekódà tó ń gbóná. Àwo 4K tó gba 100 GB ní ìpele mẹ́ta, ẹ̀rọ tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti rẹ̀ sì máa ń dákú nígbà tó bá fẹ́ bọ́ láti ìpele kan sí èkejì.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ géèmù PS4 wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ṣé mo tún nílò ẹ̀rọ mìíràn?

Ìdáhùn: Fún Blu-ray, rárá, PS3 àti PS4 ń kà á. Fún àwo 4K, PS4 Pro pàápàá kò kà á. PS5 tó ní ibi ìfàwosí, Xbox One S, One X àti Series X ló ń kà á.

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwo ti fẹ́ kú tán. Kí ló dé tí n kò kàn ní máa wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé Samsung sọ ní 2019 pé àwọn kò ní mú ẹ̀rọ Blu-ray tuntun wá sí ọjà Amẹ́ríkà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Sony dá dúró ní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwo òfìfo tí èèyàn ń kọ nǹkan sí fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwo fíìmù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló da méjèèjì pọ̀. Èyí tó kú ní tòótọ́ ni HD DVD, àwo tó bá Blu-ray díje, tí Toshiba fi sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2008. Tí ẹ bá rí i lọ́wọ́ alátẹ, ẹ má rà á.

Netflix lè jẹ tó 7 GB dátà ní wákàtí kan fún 4K, fíìmù wákàtí méjì á jẹ 14 GB, ẹ óò sì tún ra òmíràn tí ẹ bá fẹ́ tún un wò. Àwo kì í jẹ dátà. Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 55, tó sì máa ń tún fíìmù òkèèrè kan náà wò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, Blu-ray máa sàn fún un. Ní ti ẹni tó jẹ́ pé fíìmù Yorùbá ló ń wò, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí Blu-ray, YouTube ni ọ̀pọ̀ wọn ń jáde sí báyìí. Kí onítọ̀hún fi owó ẹ̀rọ ra hard disk, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó VCD rẹ̀ pa mọ́, àwọn tó ti pẹ́ jù ni kó fi ṣáájú.