Bí a ṣe lè dá ìdí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ̀ nínú àríyànjiyàn ojoojúmọ́

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ná ọjà ní Ọjà Ẹja Olúwó ní Ẹ̀pẹ́ yóò gbọ́ bí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí iye owó ẹja kan ṣe ń di ọ̀rọ̀ ìwà, tí yóò di ọ̀rọ̀ ìdílé, kí ó tó tún padà di ọ̀rọ̀ owó. Àríyànjiyàn kò burú, ariwo náà kò sì burú. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe lè mọ ìgbà tí ìdí tí ẹnìkan mú wá kò lè gbé ohun tó fẹ́ kí a gbà dúró, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà dùn létí tó. Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, ti pín irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà 13, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ti fi púpọ̀ kún un. Kò sí ìdí tí a ó fi há gbogbo wọn sórí, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tú ọ̀pọ̀ nínú wọn fó.

Kí a tó bi ìbéèrè náà, kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ sí méjì: ìdí tí ẹni náà mú wá, àti ohun tó fẹ́ kí a gbà. Ọ̀rọ̀ tó so méjèèjì pọ̀ ni "nítorí náà", ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í sábà pè é jáde. Wọ́n lè sọ pé "abájọ", wọ́n lè sọ pé "ṣé ẹ wá rí i", wọ́n sì lè kàn dákẹ́ kí wọ́n máa wojú wa. Kí a bá wọn fi "nítorí náà" sí i nínú ọkàn wa, kí a wá béèrè pé: bí ìdí yìí bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ látòkè délẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí wọ́n ní kí a gbà kò ṣì lè jẹ́ irọ́? Bí ó bá rọrùn láti rí bí yóò ṣe jẹ́ irọ́, ìdí náà kò tíì tó.

Mo ti jẹ́ akọ̀wé ìpàdé onílé rí ní àdúgbò kan ní Ẹ̀pẹ́, mo sì rò pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó dára fún irú nǹkan báyìí ju ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ. Ní ọjọ́ kan, bàbá kan dìde, ó ní gọ́tà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ti dí, kí a dáwó kí a fi kó o kí òjò tó dé. Ẹnìkan fèsì pé bàbá náà jẹ owó ìpàdé oṣù mẹ́ta. Ẹlòmíràn ní àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ dé ni wọ́n wá ń pàṣẹ fún onílẹ̀. Òótọ́ ni pé Kòsọ́kọ́, tó jẹ́ ọba Èkó nígbà náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní ọdún 1851, àti pé títí di òní ni a ń sọ̀rọ̀ Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn ọmọ wọn, àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Òótọ́ sì ni pé bàbá náà jẹ owó, èmi ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi "nítorí náà" sí i: "Bàbá yìí jẹ owó oṣù mẹ́ta, nítorí náà gọ́tà kò dí." Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí yóò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn méjèèjì sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n mú ọlọ́rọ̀. "Ìwọ náà ńkọ́?" jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀: ẹni tó ń da pàǹtí sí gọ́tà lè sọ òótọ́ pé kò dára kí a máa da pàǹtí sí gọ́tà.

Ìgbà kan wà ṣá tí ìwà ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ náà tan. Bí ẹnìkan bá ní kí a gba òun gbọ́ nítorí pé ojú òun ló ṣe, tí kò sí ẹ̀rí mìíràn, a lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ó ti purọ́ fún wa rí. Gọ́tà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹsẹ̀ lè rìn lọ wò ó.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ jù, tó sì ṣòro láti mú, ni ti ohun méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Òwe wa kan tilẹ̀ sọ ọ́ di òfin: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Èmi ni mo máa ń dáhùn pé èmi ni n kò mọ̀. Pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn kò tíì sọ pé èyí àkọ́kọ́ ló bí èkejì. Ká ní apẹja kan sọ pé láti ọjọ́ tí àlejò kan ti gbé ọkọ̀ wá sí èbúté wọn ni àwọ̀n òun kò ti mú nǹkan gidi. Ó yẹ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ ẹja ti wọ́n rí ní irú àsìkò yìí kí àlejò náà tó dé? Àwọn tó wà ní èbúté mìíràn tí àlejò náà kò dé, ṣé àwọ̀n tiwọn ń kún? Kí ni nǹkan mìíràn tó yí padà láàárín àkókò kan náà, yálà omi tó kún tàbí tó fà, àwọ̀n tó ti ya, tàbí ọkọ̀ tó ti pọ̀ jù lójú omi? Bí ẹja bá wọ́n káàkiri, kí a fi àlejò sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èbúté yẹn nìkan ló wọ́n, tí kò sì wọ́n rí, ọ̀rọ̀ apẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ní láti rí ohun tí àlejò náà ń ṣe tó ń lé ẹja lọ.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti kan òwe, ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé òwe ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ti ilẹ̀kùn àríyànjiyàn. Àgbà kan yóò sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i, gbogbo ilé yóò sì pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà nílẹ̀ tó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí òwe bá jẹ́ ẹ̀rí, àwọn méjèèjì ti pa ara wọn. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, a sì fi ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù. Ẹṣin tí a gùn lọ wá nǹkan kì í ṣe nǹkan tí a ń wá. Àfiwé ni òwe, nítorí náà kí a béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ti jọ ti inú òwe. Bí ó bá jẹ́ ibi tí omi ti jìn ni à ń wá, apẹja tó ti lo ogójì ọdún lójú omi rí i lórí ìjókòó lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ iye tí wọ́n ń ta tiransifọ́mà ni, ogójì ọdún yẹn kò wúlò níbẹ̀, kí a lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Bí a bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rí owó hàn wá, tí wọ́n sì ní a ń pe alága ní olè, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tí a kò sọ sí wa lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní ẹni tí kò dá owó yìí kò fẹ́ ìlọsíwájú, kí a wá ọ̀nà kẹta, nítorí ẹnìkan lè fẹ́ ìlọsíwájú kí ó má fẹ́ iye yẹn. Ti ẹni tó fi oníṣòwò kan tó rẹ́ ẹ jẹ ṣe ìdájọ́ gbogbo ọjà, òwe ti dáhùn, èyí sì tọ̀nà: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní ti ìròyìn tí gbogbo ènìyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí a rántí pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè gbà á láti ẹnu ẹnìkan ṣoṣo.

Mímọ àṣìṣe yàtọ̀ sí sísọ ọ́ jáde, pàápàá níwájú àgbà. Ẹni tó bá pariwo pé "irọ́ ni" ti pàdánù kí ó tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì. Kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni náà sọ fún un títí yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí a tó béèrè ìdí. Ohun tí mo sọ fún ẹni tó dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ní ìpàdé wa ni pé, "Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti kọ ti owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, a ó sì padà sórí rẹ̀. Gọ́tà náà ńkọ́, sà?"

Ìkìlọ̀ kan ló kù, èmi gan-an ni ó sì bá wí. Nígbà tí a bi bàbá onígọ́tà léèrè bí ó ṣe mọ̀ pé gọ́tà ti dí, ó ní òun lá àlá pé omi wọ ilé òun. Inú mi dùn pé mo mọ àṣìṣe náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé àlá kì í ṣe ẹ̀rí, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀, ìdí tí kò dára kò sọ ohun tí a fi gbè lẹ́yìn di irọ́. Ó kàn fi í sílẹ̀ láìní ìdí ni. Lẹ́yìn ìpàdé, àwa mẹ́ta rìn lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a ti igi bọ inú gọ́tà náà, kò wọlé. Mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ, mo sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "A lọ wò ó. Yanrìn àti ọ̀rá ti kún un dé ẹnu."