Tí Ọrùn Ọwọ́ Bá Kán, Tí Dókítà Ní Òun Fẹ́ Fi Egungun Míì Dí I

Téèyàn bá ń ṣubú, ọwọ́ la máa ń kọ́kọ́ nà sílẹ̀, bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń kán nìyẹn, pàápàá àwọn ìyá tí wọn ò rí nǹkan oṣù mọ́, torí egungun wọn ti ń fúyẹ́. Ẹ tètè bọ́ òrùka kó tó wú o.

Inú egungun ọrùn ọwọ́ yẹn ò le bí ẹ̀yìn ẹ̀, ṣe ló dà bíi kànìnkànìn. Tó bá kán, kànìnkànìn yẹn á rún mọ́ra, tí dókítà bá wá fà á tọ́ padà, ihò á ṣẹ́kù síbẹ̀, ihò yẹn ni wọ́n fẹ́ dí kí egungun má baà tún jìn wọlé.

Wọ́n lè bù lára egungun ìbàdí yín fúnra yín, ìyẹn dáa torí egungun tó ṣì wà láàyè ni, àmọ́ ojú ọgbẹ́ á wá di méjì, ìbàdí yẹn sì lè máa dun èèyàn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n lè lo egungun tí ẹlòmíì fi sílẹ̀, tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe látinú kálísíọ́mù náà wà, wọ́n á pò ó bí ẹní po sìmẹ́ńtì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, á sì le, àmọ́ nígbà míì ó máa ń jò sínú ẹran ara.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀ o! Tí egungun ò bá yẹ̀, POP (ìyẹn báńdéèjì funfun tó máa ń le, tí wọ́n fi ń di ibi tó kán) nìkan lè tó, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Pléètì onískúrúù ayé ìsinsìnyí, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ egungun, náà sábà máa ń di egungun mú láìsí pé wọ́n dí nǹkan kan. Lójú ẹ́síréè, egungun tí wọ́n dí máa ń tọ́ ju ti POP nìkan lọ, ṣùgbọ́n kò tíì dájú pé ọwọ́ fúnra ẹ̀ á ṣiṣẹ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà ẹ bi wọ́n: "Dókítà, ṣé pléètì nìkan ò lè dì í mú ni? Ibo lẹ ti fẹ́ mú egungun náà?" Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ má tijú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́jú yín tán, ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ, kẹ́ ẹ sì máa ká ìka kẹ́ ẹ máa nà án látọjọ́ kìíní, torí ìka tí ò bá rìn á gan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú sìgá, kì í jẹ́ kí egungun tètè jinná. Tí ìka bá ń kú tipiri tàbí tó funfun, tàbí tí ìrora ń le sí i lábẹ́ POP, ẹ padà sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.