Bí mo ṣe yẹ àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù Ọsirélíà wò kí draft tó dé

Orúkọ ọmọ 40 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí draft AFL tó wáyé nínú oṣù Kọkànlá, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì àgbà bọ́ọ̀lù Ọsirélíà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ti tò wọ́n tán, láti orí ẹni tí mo lè ṣe onídùúró fún dé orí ẹni tí mo ṣì ń rò.

Ọjọ́ ìbí ni mo kọ́kọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá máa pé ọdún 18, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, lè wọ draft ọdún náà. Ọmọ oṣù Kìíní lè fi oṣù mọ́kànlá ju ọmọ oṣù Kejìlá lọ, kí wọ́n sì jọ wà nínú draft kan náà. Ní ọjọ́ orí yẹn, oṣù mọ́kànlá kì í ṣe kékeré: ejìká ẹ̀gbọ́n ti gbòòrò, ti àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá gbá bọ́ọ̀lù bákan náà, àbúrò ni mo fi síwájú.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni mo wò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta wá láti líìgì ilé rẹ̀, bíi Talent League ní Victoria. Méjì wá láti ìdíje àwọn ìpínlẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, níbi tí Vic Metro (ìlú Melbourne), Vic Country (ìyókù Victoria), South Australia, Western Australia àti Allies (àpapọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tó kù) ti ń pàdé. Méjì yìí ló wúwo jù lójú mi, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń dì í mú ti tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Fídíò tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn góòlù ni mo wá. Èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ pápá, bọ́ọ̀lù nìkan ló ń tẹ̀ lé. Pápá yìí sì lè gùn tó mítà 185, ènìyàn 36 ló wà lórí rẹ̀. Ohun tí ọmọ kan ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì jìnnà sí i kò ní hàn.

Iye ìgbà tí ọwọ́ ọmọ kan kan bọ́ọ̀lù ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Ohun mẹ́rin ni mo kọ nígbàkigbà tó bá gbà á: ṣé inú èrò ló ti jà á gbà, àbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, báwo ni alátakò ṣe sún mọ́ ọn tó, ẹsẹ̀ wo ló lò, ọwọ́ ta ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ọmọ kan gba bọ́ọ̀lù 31 nínú eré kan, gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Mo yọ àwọn tí wọ́n fún un lẹ́yìn pápá láìsí ẹni tó ń lé e, ó ku 9. Ẹlòmíì gba 17 péré, 12 nínú rẹ̀ ló jà gbà, òun ló sì lọ sókè nínú ìwé mi. Àwọn ará ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ tó ń borí máa ń rí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ gbà. Bí wọ́n bá dé AFL, ọ̀fẹ́ yẹn ti tán.

Mo ka bọ́ọ̀lù orí ilẹ̀ lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin kì í fò síbi téèyàn rò. Ẹni tó bá gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàápàá nínú òjò, ti fi ìṣísẹ̀ méjì gba iwájú. Ẹsẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára náà ní ojú ìwé tirẹ̀: ọmọ tó bá ń sá fún un ju ìdajì ìgbà tó yẹ kó lò ó lọ, báírò pupa ni mo fi sàmì sí i. Àyè wà láti yí ara padà láàárín àwọn ọ̀dọ́. Àwọn àgbà á ti dì í mú kó tó yí tán.

Oṣù Kẹwàá ni ìdánwò ara tí wọ́n ń pè ní Combine: eré mítà 20, eré yíyí gba àárín òpó, fífò sókè, eré kìlómítà 2. Ẹni tó bá sá mítà 20 ní ìsàlẹ̀ sẹ́kọ́ńdì 2.9 yára gan-an. Kìlómítà 2 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà fi hàn pé èémí wà. Ìbéèrè tí fídíò bá gbé dìde nìkan ni mo fi í dáhùn. Bí ọmọ kan bá ń pẹ́ dé ibi bọ́ọ̀lù, mo wo mítà 20 rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yá, a jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni kò tètè rí i, ìyẹn ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Ìwọ̀n ara nìkan kọ́ ló ń sọ òtítọ́: Lachie Neale ga ní sẹ̀ǹtímítà 177 péré, ipò 58 ni wọ́n ti yàn án nínú draft 2011, ó sì gba Brownlow, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní AFL, ní 2020 àti 2023.

Àwọn tó ga gan-an ní àkọsílẹ̀ tiwọn, torí wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbó. Max Gawn, tí wọ́n yàn ní ipò 34 ní 2009, kò wọ All-Australian, ẹgbẹ́ àwọn tó dára jù lọ ní ọdún náà, títí di 2016. Ibi tí wọ́n ti ń mú bọ́ọ̀lù ni mo wò. Ẹni tó ń gbá a mọ́ àyà, gíga rẹ̀ ló ń jẹ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Adènà tó ti dàgbà á fi ìkúùkù gbá a dànù láti ẹ̀yìn. Ẹni tó na ọwọ́ tán, tó mú un níwájú orí, lèmi ń wá.

Iṣan orúnkún tó já lẹ́ẹ̀kan kò mú kí n fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Nǹkan bí ọdún kan ló máa ń gbà. Iṣan ẹ̀yìn itan tó ń padà wá lemọ́lemọ́ ni mo fura sí.

Ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ kò yí ipò padà nínú ìwé mi, ibi tí ọmọ ń lọ nìkan ló ń yí. Baba tó bá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 100 fún ẹgbẹ́ kan ti ṣí ọ̀nà fún ẹgbẹ́ náà láti mú ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá ní póìǹtì draft tó tó ipò tí ẹgbẹ́ mìíràn ti fẹ́ yàn án. Bẹ́ẹ̀ ni Nick Daicos ṣe dé Collingwood, ẹgbẹ́ tí baba rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún, ní ipò 4 ní 2021.

Kí n tó parí, mo wá eré tó burú jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, mo wò ó tán. Ohun tí mò ń wá ni bóyá ọmọ náà ṣì ń sáré padà wá dènà ní ìdá kẹrin eré, nígbà tí bọ́ọ̀lù kò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mẹ́fà sáré. Mo fa àwọn méjì tó kù sísàlẹ̀, ọ̀kan sí ipò 11, èkejì sí 14, mo sì pa ìwé dé.