Bí ẹ ṣe lè dá fídíò ìju tó ṣeé gbára lé mọ̀

Fídíò lórí ìju inú ilé ọmọ, tí àwọn dókítà ń pè ní fibroid, kún YouTube àti TikTok. Iye èèyàn tó wò ó kì í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ló wà níbẹ̀. Aṣọ funfun náà kì í ṣe ẹ̀rí: bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ní dókítà lòun ní Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ mú bébà àti bírò. Ìbéèrè 16 ló wà nínú DISCERN, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí àlàyé nípa ìtọ́jú ṣe ṣeé gbára lé tó, a sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5. Ìwé ìlera ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ó bá fídíò mu pẹ̀lú. Ìbéèrè 9 sí 15 ló kan ìtọ́jú gan-an. Ṣé wọ́n sọ bí ìtọ́jú náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ béèyàn ò bá gba ìtọ́jú kankan? Báwo ló ṣe máa kan ìgbé ayé aláìsàn? Ṣé ìtọ́jú mìíràn wà? Ṣé ó ran aláìsàn lọ́wọ́ láti bá dókítà rẹ̀ pinnu? Èyí tí wọn ò fẹnu bà rárá gba 1. Ewu àti àìgba ìtọ́jú ni wọ́n sábà máa ń fò.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ ìju tí wọ́n sì dá ilé ọmọ sí ni wọ́n ń fi hàn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ lè dànù débi tí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, pé ìju lè tún hù, àti pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n lè fi gbẹ̀bí lọ́jọ́ iwájú bí wọ́n bá la ògiri ilé ọmọ jìn.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gbé fídíò jáde. Ní 2014, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa morcellator, ẹ̀rọ tó ń gé ìju wẹ́wẹ́ nínú ikùn kó lè gba ojú ihò kékeré jáde. Bí jẹjẹrẹ bá fara pamọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà lè fọ́n ọn ká. Fídíò tó ti wà ṣáájú ìkìlọ̀ yẹn lè máa yin ẹ̀rọ náà láìsọ ewu yìí.

Àwọn tó ń ta àgbo fẹ́ràn láti fi skáànù méjì hàn, ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ dá fídíò dúró síbẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì fẹ àwòrán náà. Bí wọ́n bá bo orúkọ, kò burú, àṣírí aláìsàn ni. Àmọ́ tí ọjọ́ àti ìwọ̀n ní sẹ̀ǹtímítà ò bá sí, tàbí tí ìju tí wọ́n wọ̀n nínú méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sí ẹ̀rí níbẹ̀. Ẹ rántí pé ìju máa ń súnkì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró pátápátá.

Èyí tó ń dùn wá jù ni fídíò oògùn tí wọ́n ń kì sójú ara, tí wọ́n á ní “ìju ti ń jáde”. Ìju jẹ́ ẹran tó le, inú ògiri ilé ọmọ ló sábà máa ń fìdí sí. Ikun, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí awọ tí oògùn náà bó ni nǹkan tí wọ́n ń fi hàn yẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ á máa retí ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ á sì máa tán lára rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò ò sọ pé àgbo náà ń wo ìju: ẹ ka ìlà kékeré ara páálí, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan, tó sì ń bá a lọ fún wákàtí méjì, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ pa fóònù tì, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́gán. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú bébà yín lọ bá dókítà, kí ẹ bi í ní ohun tí fídíò kankan ò lè sọ: ìju yín mélòó ni, sẹ̀ǹtímítà mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé inú ihò ilé ọmọ ló wà, inú ògiri rẹ̀ ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ lóde?