Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ayé Mauricio Rojas Láìṣe Àbòsí

Ẹ to ọjọ́ ná kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan. Santiago ní Chile ni wọ́n ti bí Rojas, òpìtàn ọrọ̀-ajé àti olóṣèlú, ní 1950. Ológun gbàjọba níbẹ̀ ní September 1973. Rojas dé Sweden ní 1974. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lund ní 1986. Láti 2002 sí 2008, ó wà ní ilé aṣòfin Sweden lábẹ́ Folkpartiet, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn olómìnira (liberal) níbẹ̀. Ìtàn ọrọ̀-ajé ni iṣẹ́ tó kọ́, nítorí náà ẹ má kàn pè é ní onímọ̀ ọrọ̀-ajé lásán. Ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Liberalerna láti 2015, àmọ́ orúkọ àtijọ́ ló bá ìgbà tirẹ̀ mu.

Ibi tí ọwọ́ ti máa ń yọ̀ ni awuyewuye 2018. Ní 9 August, Ààrẹ Piñera ti Chile fi í ṣe mínísítà àṣà. Kò pẹ́ tí oníròyìn fi hú ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ìwé tí òun àti òǹkọ̀wé ọmọ Chile, Roberto Ampuero, jọ kọ ní 2015. Níbẹ̀, Rojas pe Musíọ́ọ̀mù Ìrántí ní Santiago, tó ń fi ìwà ìkà ìjọba ológun Pinochet hàn, ní "montaje", ìyẹn ohun tí wọ́n dọ́gbọ́n tò kalẹ̀. Ó ní òun ò ronú bẹ́ẹ̀ mọ́, pàbó ló já sí. Ní 13 August, ó fipò sílẹ̀.

Ẹ ya ọdún méjèèjì sọ́tọ̀ kedere, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òǹkàwé á rò pé orí àga mínísítà ló ti sọ ọ́. Ẹ má kọ "ìwà ìbàjẹ́": olè ni yóò wá sí ọkàn ẹni tó ń kà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó kò sí níbẹ̀. Ẹ má kọ pé ó ní ìjọba Pinochet ò pa ẹnikẹ́ni. Musíọ́ọ̀mù ló ń bá wí.

Ó ní òun wà nínú MIR, ẹgbẹ́ ajìjàgbara apá òsì ní Chile, nígbà èwe, àwọn kan tó wà níbẹ̀ sì jiyàn rẹ̀. "Ó ní" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "ó jẹ́".

Bí ìtàn náà bá jẹ́ ìpínrọ̀ mẹ́jọ, méjì ti tó ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Sweden ló ni ìyókù: ní 2002, Folkpartiet ní kí àtìpó gbọ́ èdè Sweden kó tó di ọmọ ìlú, ìbò wọn sì fò láti 4.7 sí 13.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Rojas, tó jẹ́ àtìpó fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n dìbò yàn lọ́dún náà. Ẹ dúró síbẹ̀ dáadáa.

Tí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ Mauricio Rojas Mullor, torí àwọn tó ń jẹ́ Mauricio Rojas pọ̀. Rojas ni orúkọ bàbá, òun ni kí ẹ máa fi pè é.