Bí mo ṣe ń tún ampílífáyà gìtá Fender Deluxe Reverb 1965 ṣe láìba ohùn rẹ̀ jẹ́

Kọ́kọ́ ya àwòrán inú rẹ̀, wáyà kọ̀ọ̀kan. Yọ ọ́ kúrò lára iná, ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kàn án: iná tó lé ní 400 volt ṣì lè wà nínú àwọn kàpásítọ̀ ńlá (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́), ó sì ń pa èèyàn. Rẹsístọ̀ (ohun tó ń dín agbára iná kù) 10k, 5 watt, ni mo fi ń fa iná náà lọ sí ara irin ampílífáyà. Mítà gbọ́dọ̀ sọ pé òdo ni kí n tó tẹ̀ síwájú.

Kàpásítọ̀ márùn-ún yẹn, lábẹ́ ìdérí irin, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Orí wọn á wú, nǹkan á máa jò jáde lẹ́nu wọn, ampílífáyà á wá máa kùn hùn-ùn. Pààrọ̀ wọn: 16 µF (microfarad, ìwọ̀n iná tí wọ́n lè gbà), 450 volt ó kéré tán. Jọ̀ọ́, má yọ àwọn kàpásítọ̀ aláwọ̀ búlúù tí ohùn ń gbà kọjá bí wọn kò bá jò. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé wọ́n ti kó wọn dànù.

Wáyà iná ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìkan ni n kì í fi sílẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo ń fi rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹ̀mí ni.

Ohun tí mo bá yọ, inú ọ̀rá ni mo ń dì í sí, nínú àpótí ampílífáyà náà.