Plusquamperfekt èdè Jámánì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tó ń sọ Yorùbá

Ẹni tó ń kọ́ èdè Jámánì sábà máa ń sún mọ́ ìpele B1 (ìpele àárín) kó tó pàdé Plusquamperfekt. Òun ni wọ́n fi ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ohun mìíràn tí òun náà ti kọjá tó ṣẹlẹ̀. Híhun rẹ̀ kò le: ẹ mú “hatte” tàbí “war”, ẹ gbé Partizip II (irú ọ̀rọ̀-ìṣe bíi “gegessen”) sí ìparí gbólóhùn, ó tán. “Ich hatte gegessen” (mo ti jẹun). “Ich war gegangen” (mo ti lọ). Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ ti ń yọ̀, “ti” tiwa ló sì ń fà á.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn, ó ń wá àbúrò yín ọkùnrin, ẹ dáhùn pé, “Ó ti lọ.” Lọ́jọ́ kejì, ẹ ń ròyìn ibòmíràn tí ẹ lọ: “Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti lọ.” “Ti” kan náà ni, kò para dà. Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni “Er ist gegangen”, ti èkejì ni “Als ich ankam, war er schon gegangen.” Ìròyìn ti sún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe olùrànlọ́wọ́ náà gbọ́dọ̀ bá a sún: “ist” á di “war”, “hat” á di “hatte”. Ẹ má kọ “Als ich ankam, ist er schon gegangen.” Ará Jámánì á gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, àmọ́ olùkọ́ tó ń máàkì á fa igi lé e.

Ẹ má fi “hatte” dí gbogbo àlàfo

Ọ̀pọ̀ wa ló gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì dé ìdí Jámánì, “had” nìkan sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ibẹ̀ ni “Er hatte gegangen” ti ń wá. Kò sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ń sọ pé èèyàn ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, bíi gehen (lọ), kommen (wá), fahren (wọkọ̀ lọ), fliegen (fò), tàbí pé ó bọ́ láti ipò kan sí òmíràn, bíi einschlafen (sùn lọ), aufwachen (jí), sterben (kú), werden (dà), “war” ló ń bá rìn. Bleiben (dúró síbi kan) àti sein (wà, jẹ́) náà wà lágbo yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó jókòó sílé kò ṣí lọ síbì kankan: “Wir waren zu Hause geblieben”, “Sie war krank gewesen.” Ẹ kàn há àwọn méjèèjì sórí.

Fahren lójú méjì. “Sie war nach Köln gefahren”: ó ti wọkọ̀ lọ sí Köln. “Sie hatte das Auto in die Garage gefahren”: ó ti wa mọ́tò wọ gáréèjì. Nínú gbólóhùn kejì, àbọ̀ wà, mọ́tò ni wọ́n wà, nítorí náà “hatte” gba ipò rẹ̀ padà. Ní ti stehen (dìde dúró), sitzen (jókòó) àti liegen (dùbúlẹ̀), ẹ máa gbọ́ “hatte gestanden” ní àríwá Jámánì, ẹ ó sì gbọ́ “war gestanden” ní Bavaria, Austria àti Switzerland. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ sọ bí àwọn tó yí yín ká ṣe ń sọ ọ́, kí ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Àmì méjì tó lè dá wàhálà sílẹ̀

Àwa tó ní àmì lórí àti ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà ló yẹ kó gbọ́ èyí jù. “Hatte” yàtọ̀ sí “hätte”, “war” yàtọ̀ sí “wäre”. Èyí tó ní àmì kì í ṣe Plusquamperfekt mọ́, Konjunktiv II ni, ohun tí àwa ń fi “ì bá” sọ. Ká ní onílé yín béèrè owó ilé, ẹ sì fẹ́ ṣàlàyé pé ẹ ti san án kí lẹ́tà rẹ̀ tó dé. “Ich hatte die Miete schon bezahlt” ni ọ̀rọ̀ tó yẹ. Bí ọwọ́ yín bá lọ kọ “Ich hätte die Miete bezahlt”, ohun tí ẹ wí ni pé ǹ bá ti san owó ilé. Onílé tó ka ìyẹn á gbà pé owó kò tíì jáde lápò yín, á sì máa retí ẹjọ́ tí ẹ fẹ́ rò. Ẹni tó ń fi fóònù kọ̀wé ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí fóònù a máa tún ọ̀rọ̀ kọ fúnra rẹ̀.

Nachdem àti bevor

Níbí ni Yorùbá ti ń ṣe wá lóore lápá kan tó sì ń tàn wá jẹ lápá kejì. Ẹ gbọ́ “bevor” ná: “Kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.” Ibi tí “ti” jókòó sí náà ni Plusquamperfekt máa jókòó: “Bevor der Zug abfuhr, hatte ich die Fahrkarte gekauft.” Kò sí wàhálà. Ní ti “nachdem”, a máa ń sọ pé, “Lẹ́yìn tí a jẹun tán, a rìn jáde.” “Ti” kò sí nínú rẹ̀, “tán” ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó ń wá “ti” kó tó rántí Plusquamperfekt kò ní rí i, á sì kọ “Nachdem wir aßen, gingen wir spazieren.” Èyí tó yẹ nìyí:

Nachdem wir gegessen hatten, gingen wir spazieren.

Ẹ wo ìtò rẹ̀ dáadáa. Nínú awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, “hatten” ló kẹ́yìn, kò gbọdọ̀ ṣíwájú “gegessen”. Lẹ́yìn kọ́mà, “gingen” ló kọ́kọ́ wọlé, “wir” tẹ̀lé e. Ẹ má sì sọ awẹ́ méjèèjì di Plusquamperfekt, torí bí àwọn méjèèjì bá sún sẹ́yìn bákan náà, kò sí èyí tó ṣáájú èkejì mọ́. Bí olórí awẹ́ gbólóhùn bá wà ní àsìkò ìsinsìnyí, Perfekt (“habe” tàbí “bin” pẹ̀lú Partizip II) ló ń tẹ̀lé nachdem: “Nachdem ich gegessen habe, gehe ich spazieren.”

Ẹ má fi sọ ìtàn látòkè délẹ̀

Bí àwọn kan bá ti mọ̀ ọ́n hun tán, wọ́n á máa dà á sí gbogbo gbólóhùn. Ìtàn ọjọ́ tí odi Berlin ṣubú dára fún àpẹẹrẹ:

Am späten Abend des 9. November 1989 standen Tausende Berliner an der Bornholmer Straße. Günter Schabowski hatte am frühen Abend vor der Presse von einer neuen Reiseregelung gesprochen. Die Grenzer hatten keinen Befehl bekommen. Gegen halb zwölf öffneten sie die Schranke.

Ní Yorùbá: ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1989, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Berlin dúró ní Bornholmer Straße, ọ̀kan lára ẹnu ibodè odi náà. Günter Schabowski, ọ̀kan lára àwọn olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì, ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn oníròyìn ní ìrọ̀lẹ́ nípa ìlànà tuntun fún ìrìn-àjò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè kò tíì gba àṣẹ kankan. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, wọ́n ṣí ọ̀pá ìdènà. Gbólóhùn mẹ́rin, Plusquamperfekt méjì péré. “Standen” àti “öffneten” ló ń gbé ìtàn lọ. “Hatte gesprochen” yẹ̀ sẹ́yìn láti sọ ohun tó kó èrò jọ sẹ́nu ibodè, “hatten bekommen” sì sọ ìdí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kò fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹ gbìyànjú kí ẹ yí “öffneten” padà sí “hatten geöffnet”: ó dà bíi pé wọ́n ti ṣí i kí èrò tó dé, ìtàn á sì dojú rú.

Òótọ́ ni pé àwọn ará Jámánì gan-an a máa sọ “Ich war gestern im Kino gewesen” (mo wà ní sinimá lánàá) nígbà tí kò sí ohun kankan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́nu, kò burú. Nínú ìwé, “Ich war gestern im Kino” ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Ich habe gegessen gehabt” tí ẹ máa gbọ́ ní gúúsù, níbi tí Präteritum (àsìkò tó ti kọjá bíi “gingen”) ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹ gbọ́ ọ, kó yé yín, ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Ó ku kékeré. Bí ẹ bá ń sọ ohun tí wọ́n ṣe sí nǹkan, “worden” ni, kì í ṣe “geworden”: “Das Haus war verkauft worden” (wọ́n ti ta ilé náà). Pẹ̀lú müssen (gbọ́dọ̀), können (lè) àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ẹ má kọ “Ich hatte lange warten gemusst”, “Ich hatte lange warten müssen” ni, láìsí Partizip kankan. Nínú awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, “hatte” tí a ní kó máa kẹ́yìn á sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn méjì yìí: “weil ich lange hatte warten müssen.”